Ẹ Béèrè Onílé Kí Ẹ Tó Kẹ́rù Wọlé

Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ni o. Mi ò fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde, torí náà ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ogiri ilé wa yìí, páálí sàn jù ú lọ: ẹni tó bá sín ní yàrá kìíní, ará yàrá kẹjọ ló máa ń kí i pé pẹ̀lẹ́.

Ẹ ṣáà mọ ilé wa. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Warehouse Road, ẹ kọjá àwọn báǹkì àti ọ́fíìsì àwọn àjẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba kọnténà, ẹ wá kọjú sí ọ̀nà Ajégúnlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn ẹja yíyan, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Iwájú ilé ni mo ti ń ta míńírà àti káàdì fóònù. Ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó lè ṣàì rí ẹni tó wọlé àtẹni tó jáde? Àwọn kan ní òfófó ni mò ń ṣe. Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ni mò ń ṣe, wọn ò sì sanwó oṣù fún mi rí.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja yìí, ọmọ dáadáa ni. Lójú ọ̀sán, ó ń bá àwọn àjẹ́ńtì sáré ìwé kiri wáàfù Àpápá. Tílẹ̀ bá ṣú, á wẹ̀, á jẹun, á kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá tilẹ̀kùn mọ́rí. Láago kan òru, ẹ óò máa gbọ́ ọ: "Ó wà lẹ́yìn ẹ! Kì í ṣe ara wa! Yìnbọn fún un!" Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Tiẹ̀ kì í ṣe hùrùhẹ̀rẹ̀ o, igbe gidi ni.

Lóru ọjọ́ kan ló wá pariwo pé, "Dókítà ti kú! A ò ní dókítà mọ́!" Háà! Nọ́ọ̀sì wà ní yàrá karùn-ún, ọ̀gá ẹ̀ tó jẹ́ dókítà sì ti ń ṣàárẹ̀ láti ìjẹta. Ló bá figbe bọnu. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó káwọ́ lérí, ìró ń já lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá Onírẹsì gbọ́ ẹkún, òun náà bá wọn sun ún, kò tíì mọ ẹni tó kú. Bàbá Onítáyà yọ jáde tòun ti irin tó fi ń tú táyà. Ìgbà tí a fi máa gbá ilẹ̀kùn ọmọ náà ṣí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ohun tó dì sétí, ó ń wò wá bí ẹni pé àwa ni orí wa dàrú. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin màmá. Dókítà inú géèmù ni. Ó tilẹ̀ ti jí padà."

Nọ́ọ̀sì bínú sí i, kò dáhùn ìkíni ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n tilẹ̀ ń bára wọn sọ ọ́ jù. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja ní tiẹ̀, Yahoo ló rò pé ó wà lẹ́nu ọmọ òun. Ọmọ tó ń sọ Òyìnbó lóru, tó ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí kò mú ìyàwó wálé, kí lẹ fẹ́ kí abiyamọ rò? Ó fà á wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun wádìí ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán mi, mo máa ń jẹ́ ẹ dé ìdí. Mo gbé àpótí mi wọ yàrá ọmọ náà, mo ní kó fi nǹkan tó ń ṣe hàn mí.

Team Fortress 2 ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ méjì ni, aláṣọ pupa àti aláṣọ búlúù, èèyàn méjìlá níhìn-ín, méjìlá lọ́hùn-ún, wọ́n á máa yìnbọn lura wọn. Oríṣi èèyàn mẹ́sàn-án lo lè yàn láti jẹ́: sọ́jà wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ẹni tó ń sun èèyàn níná wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ò ju pé kí wọ́n ti ọmọlanke tó gbé bọ́ǹbù dé ojúlé àwọn ọ̀tá. Ọmọlanke! Ohun tí wọ́n ń tì kọjá níwájú mi lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bẹ èèyàn pé ẹ yà lọ́nà, òun làwọn èèyàn ń fi dátà tì lóru.

Ṣùgbọ́n amí ló wù mí nínú wọn. Amí yìí á gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀, á wọ àárín yín, ẹ óò rò pé ara yín ni, á wá fi ọ̀bẹ gún yín lẹ́yìn. Torí pé ọta ẹni kì í sábà ran ọmọ ẹgbẹ́ ẹni, ṣe ni wọ́n máa ń yìnbọn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá; ẹni tí ọta bá ràn, amí ni. Mo ní tó bá ṣeé ṣe kí n dán àwọn ayálégbé wa wò bẹ́ẹ̀, mo mọ yàrá tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Géèmù yìí kì í ṣe ọmọdé. 10 Oṣù Kẹwàá, 2007 ni ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà gbé e jáde; ìyá tó bí i ti wà láti 1996, nígbà tí àwọn ọmọ Ọsirélíà kan fi ọwọ́ ara wọn ṣe é sórí géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Quake. Láti 2011 ló ti di ọ̀fẹ́. Torí pé ó ti dàgbà, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọmọ náà rà ní Computer Village ní Ìkẹjà lè gbé e. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé, Call of Duty: Mobile ni wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù látìgbà tó ti jáde ní 2019, ibi tí ilé-iṣẹ́ bá sì jù wọ́n sí ni wọ́n ń wà. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá fẹ́ ṣeré, pápá Maracana ló ń lọ. Ajégúnlẹ̀ yìí ló tọ́ Samson Siasia dàgbà, tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Argentina ní 1994. Ta ló lo dátà lọ́jọ́ yẹn?

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ni sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ń pàdé sí. Òun ló ń ka ọta, òun ló ń sọ ẹni tó kú àtẹni tó yè. Valve ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù náà lè yá kọ̀ǹpútà, kó máa sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, kó ṣòfin, kó yan ádímìnì. Ọmọ náà ń pè é ní sáfà aráàlú. Ní Oṣù Keje 2016, Valve ṣe àtúnṣe kan: ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì pé òun fẹ́ ṣeré, ọ̀dọ̀ tiwọn ni wọ́n ń darí ẹ̀ sí tààrà. Àwọn sáfà aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro, ọ̀pọ̀ kógbá wọlé. Nígbà tó di bíi 2020, bọ́ọ̀tì ya wọ sáfà ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe èèyàn, ètò kọ̀ǹpútà ni. Ó ń yìnbọn sí agbárí láìtàsé, ó sì ń kọ ìsọkúsọ sójú gbogbo èèyàn. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà figbe ta ní Oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n tún ta á ní Oṣù Kẹfà 2024, ìgbà tí àwọn èèyàn tó lé ní 300,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Valve lé ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì dànù. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja ní òun náà fọwọ́ sí i. Ìyá ẹ̀ fò dìde: "Ìwé wo lo fọwọ́ sí? Ṣé kì í ṣe ìwé ilẹ̀ bàbá ẹ?"

Ní gbogbo ọdún wàhálà yẹn, ó ní ẹni tó fẹ́ fọkàn balẹ̀ ṣeré, sáfà aráàlú ló ń sá lọ, torí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè di bọ́ọ̀tì lápá jáde. Èyí ló yé mi jù nínú àlàyé ẹ̀, nítorí mo gbé ilé tí kò lónílé rí. Ilé yìí kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n Màmá Onílé ló nilé nígbà yẹn, ìlú Òyìnbó ló wà, owó ilé nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti sanwó, ó wọlé nìyẹn. Ọkùnrin kan sọ ilé ìwẹ̀ kan di ibi tó ń tọ́jú fíríìjì tòkunbọ̀ sí. Ẹlòmíràn fa wáyà láti ara mítà wa, ó fi ń lọ ata tà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ lọ pe onílé. Níbo? Ìgbà tí bàbá náà gbé ilé lé àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́, tí màmá kó wá sí yàrá iwájú, ẹni àkọ́kọ́ tí màmá lé jáde ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tiẹ̀, tó jẹ gbèsè iná. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà síta. Kò bá ẹlòmíràn sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, fíríìjì ti kúrò nílé ìwẹ̀. Màmá náà ní ìwà tiẹ̀ o. Tó bá fẹ́ fowó kún owó ilé, Àpápá nilé wa wà. Tí a bá ní kó bá wa tún ṣáláńgá ṣe, a ti di Ajégúnlẹ̀. Síbẹ̀, ilé tòrò.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé, "Tó o bá ń wá sáfà, má wo bí ibẹ̀ ṣe rí lójú. Ta ni onílé?"

Ó ní ó dùn lẹ́nu, òun ti jìyà kí òun tó mọ̀. Sáfà àkọ́kọ́ tó wọ̀, àkọlé ẹ̀ ní èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Ó sáré wọlé kí àyè má bàa tán. Òun nìkan ló ń mí! Bọ́ọ̀tì làwọn yòókù, wọ́n fún wọn lórúkọ kí àlejò lè rò pé ọjà kún. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Láti ìgbà náà, tó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síra wọn ló kọ́kọ́ máa ń wò. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń ráhùn, èèyàn gidi ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanwó fún ọ̀gá, ìbọn tiẹ̀ ń lágbára ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ìyẹn ò gba àlàyé, Nàìjíríà la wà. Òmíràn, ádímìnì ibẹ̀ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa òun. Géèmù ìbọn! Ọmọ yìí ṣe amí, ó gún ọ̀gá lẹ́yìn, wọ́n lé e jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé màgòmágó ló ṣe. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ti pa.

Èyí tó dùn mí ni ti ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ níbì kan, tó sọ fún wọn pé Nàìjíríà lòun ti ń bá wọn ṣeré. Ọ̀kan bi í pé ṣé òun ni ọmọ ọba tó fẹ́ fi mílíọ̀nù dọ́là ránṣẹ́ sáwọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì wọn ránṣẹ́. Àpárá nìyẹn, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀bọ, wọ́n ń dún bí ọ̀bọ sí i létí, ádímìnì wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó tilẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jáde wá bá mi níwájú ilé, mo ń palẹ̀ mọ́. Ó ra Fanta kan. Kò ṣí i. Ó jókòó, ó ń ha bébà ara ìgò ẹ̀ pẹ̀lú èékánná títí ó fi bó tán. Èmi tí ẹ mọ̀ yìí, mi ò bi í ní nǹkan kan.

Ìgbà tó wá sọ ọ́, mo ní kó lọ gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń bú ọmọlọ́mọ lójú onílé, tí onílé ń rẹ́rìn-ín, onílé ló ń bú u.

Ó gbìyànjú èyí tí gbogbo ayé mọ̀, Uncletopia, tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé fídíò géèmù náà sórí YouTube, Uncle Dane, dá sílẹ̀. (Ìyá Ẹlẹ́ja fẹ́ mọ̀ bóyá lọ́dọ̀ bàbá ni ó ti jẹ́ àǹkù.) Ó ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, òfin ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn tó ti dàgbà sínú ìbọn ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń pa á kó tó ṣẹ́jú. Ibi tó wá jókòó sí, kékeré ni, èèyàn mélòó kan ló ń dáwó ẹ̀ jọ. Kò kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀ rárá. Ó jókòó síbi ìwòran, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òfin wọn ò ju ìlà mẹ́ta lọ, wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí ẹni tó bá ń wọlé á ti rí i. Tí ẹgbẹ́ kan bá ń na ìkejì ní ìnàkúnà, wọ́n á tún ẹgbẹ́ pín, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọdá sí ẹgbẹ́ tó ń jìyà. Ọmọ tuntun kan ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ti ọmọlanke, ẹnì kan dúró ṣàlàyé fún un, ìbọn ń dún. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ ádímìnì bú obìnrin kan torí pé ó gbọ́ ohùn obìnrin. Ádímìnì kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un ṣe. Ádímìnì lé e síta, ọ̀rẹ́ ẹ̀ o! Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja rántí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀gbọ́n síta, ló bá wọlé.

Yúróòpù ni sáfà yẹn wà, ìyẹn náà níṣirò tiẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà kọ̀ọ̀kan, ping lorúkọ ẹ̀: iye àkókò tí iṣẹ́ tí o rán fi ń lọ, tí èsì ẹ̀ fi ń bọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ni wọ́n pín sọ́nà 1,000, tí wọ́n wá ń kà á. Okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Pọ́túgàl, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú okùn onígíláàsì. Àlọ àtàbọ̀, 70 ti lọ nìyẹn, o ò tíì kúrò ní Pọ́túgàl. Ọmọ náà ní kò sí àdúrà tó lè dín in kù. Ìyá ẹ̀ ní àwẹ̀ ńkọ́? Tó bá ti ju 150 lọ, ó ní òun á ti kú kí òun tó rí ẹni tó pa òun, nítorí náà kò dé sáfà Amẹ́ríkà mọ́. Àwa sì ti wá sàn o. Kí wọ́n tó dá IXPN sílẹ̀ ní 2006, kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè máa pàdé nílẹ̀ yìí, lẹ́tà tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà rán láti Àpápá sí Ìkẹjà lè gba òkè òkun kó tó débẹ̀.

Okùn MainOne yìí náà ló já ní 14 Oṣù Kẹta, 2024. Mẹ́rin ló bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì ò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn oníbàárà mi kó dé pé ayédèrú káàdì ni mo tà fún wọn, ẹnì kan fẹ́ fà mí láṣọ. Abidjan ni okùn ti bà jẹ́, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ nà mí!

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja gbé ráútà kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fi dátà sí i. Ó so láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ mọ́ ti kópà tó wà lẹ́yìn, ó kù ẹyọ kan. Ó lọ kanlẹ̀kùn yàrá karùn-ún. Mo ti sọ fún un yín pé mò ń bọ̀ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ jáde, wọ́n ṣe gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí i, wọ́n ní kó yan ẹni tó fẹ́ jẹ́. Ṣé ẹ tún ń béèrè? Dókítà ló yàn. Láptọ́ọ̀pù ọmọ náà ló di sáfà, ping ò pé 5, kò sí òkun láàárín wọn. Láti ìgbà tí okùn ti jinná, Nọ́ọ̀sì náà ti ń bá a lọ sáfà Yúróòpù. Ìyá Ẹlẹ́ja ò bínú sí géèmù mọ́. Ó ti ń wo aṣọ ẹbí.

Kókó ibẹ̀ wá ni máìkì. Wọ́n ṣí i sílẹ̀, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí torí ooru. Ará Jámánì àti ará Pọ́túgàl ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wa, wọ́n ń gbọ́ àkùkọ Bàbá Onítáyà, wọ́n ń gbọ́ fèrè tírélà. Fèrè yẹn tilẹ̀ ti dín kù. Kí ìjọba tó gbé ètò ìpè tírélà tó ń jẹ́ Ètò dé ní Oṣù Kejì 2021, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi làwọn dírẹ́bà ń sùn, wọ́n ń dáná sábẹ́ tírélà wọn. Kí Ọlọ́run má dá a padà o. Ṣùgbọ́n mo tajà. Tí NEPA bá múná lọ, orúkọ ọmọ náà á poora lórí sáfà, tó bá padà dé, gbogbo wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n máa ń pariwo "Up NEPA!"

Màmá Onílé ló gbọ́ "Up NEPA" lẹ́nu Òyìnbó lọ́jọ́ kan, ló bá wọlé wá wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Bó ṣe wọlé gan-an ni ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn ń ṣe wèrè, ádímìnì sì ń lé e jáde. Màmá ní ta nìyẹn? Wọ́n ní òun ni onílé. Wọ́n ní ó ti lé ẹni yẹn.

Ó ní, "Ó ti lé e? Ó fún un ní nótíìsì?"

Kò fún un ní nótíìsì.

"Kò gba kóòtù?"

Bọ́tìnì ló tẹ̀.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọmọ náà bóyá irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ wà fún ilé gidi. Ẹ sì mọ̀ pé òfin ilé yíyá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní nótíìsì oṣù mẹ́fà bí wọn ò bá ti jọ ṣàdéhùn mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, GRA Ìkẹjà àti Àpápá sílẹ̀. Àpápá o! Kópà ló kà á fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ará Àpápá kankan nínú ilé wa mọ́. Bàbá Onítáyà tó ń kọ "Apapa" sára káàdì iṣẹ́ ẹ̀ ti fi bírò pa á rẹ́. Ẹni tó bá bi yín, Ajégúnlẹ̀ paraku ni gbogbo wa.